Ọbẹ̀ Tí Ìyá Ahọ́n Kò Tọ́ Wò

Ọbẹ̀ gbígbóná ti wà ní àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Ahọ́n, ó ti gbé e dé ẹnu, kó tó rántí pé òun ò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan lónìí.

Ó dúró gbagidi. Ọbẹ̀ ń jó o lọ́wọ́, kò sì mọ ibi tí òun máa gbé e sí. Gbogbo ilé ìdáná ti dákẹ́, wọ́n ń wò ó bí wọ́n ṣe máa ń wò ó ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́. Àwọn tó ń gé àlùbọ́sà dá ọ̀bẹ dúró. Ẹni tó ń ṣan ìrẹsì ki ọwọ́ bọ omi, kò yọ ọ́. Bí Ìyá Ahọ́n bá lá ọbẹ̀ tán, á di ojú, á mi orí, á ní, "Ó ti débẹ̀," tàbí kó ní, "Ó ku díẹ̀ káàtó." Ìgbà náà ni iṣẹ́ tó ń tẹ̀síwájú.

Lónìí, ó da ọbẹ̀ náà sínú garawa ìdọ̀tí, ó fi aṣọ ìdáná nu ọwọ́.

"Ó ti débẹ̀," ló wí.

Irọ́ gbuu ni. Kò mọ̀ bóyá ó débẹ̀ tàbí kò débẹ̀.

Ẹ má rò pé òfófó ló sọ ọ́ ní Ìyá Ahọ́n o. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn, kì í tilẹ̀ í sọ tara rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ sì wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ fóòmù, níbi tó ti jẹ́ olórí àwọn alásè, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn nítorí òfin kan tó fi lélẹ̀ láti ọjọ́ tó ti débẹ̀: ahọ́n kan ṣoṣo ló ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ahọ́n tirẹ̀ sì ni. "Bí ahọ́n méjì bá wọ ìkòkò kan," ló máa ń wí, "iyọ̀ náà di méjì nìyẹn." Ẹni tó bá fi ìka kan ọbẹ̀ rẹ̀ lá, kò sẹ́ni tó ń bá a bẹ̀bẹ̀. Ìdí ọ̀dùnkún bíbó ló máa lo ọ̀sẹ̀ yẹn.

Adúmáadán, igbákejì rẹ̀, rìn sún mọ́ ọn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó dúdú, ó ń dán, ojú rẹ̀ ò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kó fo nǹkan.

"Mà, ẹ ò lá a."

"Kí ni mi ò lá?"

"Ọbẹ̀ ni mà. Ẹ dà á nù ni, mo rí yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé ẹnu yín ò dára ni? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́ ọ wò."

"Ìgbà wo ni ahọ́n rẹ di ahọ́n mi? Lọ wo ìrẹsì tó wà lórí iná kó tó jóná mọ́ ọ lójú."

"Ẹ má bínú, mà."

Adúmáadán lọ. Ìyá Ahọ́n nìkan ló kù níwájú ìkòkò, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tí kò mọ̀ rí. Ṣé ó ti fi iyọ̀ sí i, àbí kò tíì fi sí i? Ó rántí pé òun ṣí agolo iyọ̀. Kò rántí pé òun bu nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ahọ́n rẹ̀ ni ì bá dá a lóhùn. Lónìí, ojú ló kù tó lè lò, ojú ò sì mọ iyọ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sí i, ó rò ó pọ̀, ó bo ìkòkò.

Kí ló dé tí kò gbọdọ̀ jẹun? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò ní sọ fún yín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní àyẹ̀wò ìfun ní ilé ìwòsàn. Wọ́n máa ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní kámẹ́rà lẹ́nu gba ìdí rẹ̀ wọlé, láti wo ohun tó fà á tí ẹ̀jẹ̀ fi ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Kí wọ́n tó lè rí nǹkan, ìfun gbọ́dọ̀ ṣófo, kó mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún un pé omi nìkan, àti tíì tí kò ní mílíìkì, ló gbọ́dọ̀ kan ẹnu rẹ̀ láti àárọ̀. Tó bá dé ilé, á po oògùn tó ń fọ inú, á máa mu ún ní ife ife títí á fi tán.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin rí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn nígbà tirẹ̀. Gbogbo ẹbí ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n ní kó jáwọ́ nínú ṣúgà jíjẹ. Ó jáwọ́. Ó kú síbẹ̀síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ìyá Ahọ́n kò fi jókòó ti ẹnikẹ́ni kó máa bá a sọ̀rọ̀ ṣúgà. Dókítà ló gbà lọ tààrà, ó sì ti ń retí ọjọ́ àyẹ̀wò yìí tipẹ́tipẹ́.

Ṣùgbọ́n sísọ fún ẹnìkan níbi iṣẹ́, ó tì o! Ta ló máa jẹ oúnjẹ alásè tí inú ń yọ lẹ́nu? Tí ọ̀gá bá gbọ́ ọ péré, á ní kó lọ sinmi, ìsinmi náà ò sì ní parí mọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ sílé ọkọ ní ìlú tó jìnnà, ìkòkò yẹn nìkan ló ṣì ń dúró dè é láràárọ̀. Nítorí náà, nígbà tó tọrọ ààyè ọ̀la, ohun tó wí fún wọn ni pé òun fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí òun.

Nígbà tí agogo oúnjẹ ọ̀sán lù, Dírẹ́bà ló kọ́kọ́ jókòó, bó ṣe máa ń ṣe. Òun ló ń wa ọkọ̀ tó ń kó fóòmù, ikùn rẹ̀ sì mọ aago ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó bu ìrẹsì àti ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu, ó dúró. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó mu omi, ó tún mu omi.

"Ìyá Ahọ́n o!" Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé oúnjẹ kan. "Ẹja ni wá ni? Ṣé ẹ fẹ́ fi iyọ̀ pa wá mọ́ kí á má baà rà ni?"

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Láìpẹ́, gbogbo wọn ti ń ti àwo síwájú, ẹ̀rín ti ń di ìkùnsínú, ẹni tí ebi ń pa kì í pẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Ahọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo àwo tó kún tí wọ́n ń gbé padà. Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wọlé sí ilé ìdáná. Ọmọ tó lè bí ni, kì í sì í sọ̀rọ̀ sí i láì bọ̀wọ̀.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọbẹ̀ òní?"

Ìyá Ahọ́n la ẹnu. Tó bá ní òun ò tọ́ ọ wò, á bi í pé kí ló dé. Tó bá dáhùn ìyẹn, àṣírí tú nìyẹn. Ó pa ẹnu dé.

"Màmá?"

"Èmi ni, sà." Adúmáadán ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. "Wọ́n ti fi iyọ̀ sí i, mi ò mọ̀, mo tún fi sí i."

"Ìwọ?" Ọ̀gá yíjú sí i. "Ìwọ tó yẹ kí o ti mọṣẹ́? Gbogbo ènìyàn yìí máa fi ebi ṣiṣẹ́ di ìrọ̀lẹ́ nítorí tìẹ! Ó dáa. Láti ọ̀la lọ, ìdí àwo fífọ̀ lo wà títí oṣù yìí á fi parí. Bí o bá sì pa iṣẹ́ jẹ ọjọ́ kan ṣoṣo, má wulẹ̀ padà wá."

"Ẹ ṣeun, sà."

Adúmáadán wo Ìyá Ahọ́n. Kò wò ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó wò ó bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ìyá Ahọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá jáde, oníkálùkù sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Wọ́n pàdé ní ẹnu géètì nígbà tí wọ́n ń lọ sílé. Ìyá Ahọ́n fẹ́ sọ nǹkan, ó ń wá bí òun á ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ bá wa kí àwọn ẹbí yín o, mà," Adúmáadán wí. Kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n á gbọ́," ni Ìyá Ahọ́n fèsì, onítọ̀hún sì ti kọjá lọ.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Ìyá Ahọ́n dé ilé. Yàrá kan àti pálọ̀ kan ni, ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Àga ọkọ rẹ̀ wà níbi tó wà láti ọjọ́ yìí, tìmùtìmù rẹ̀ sì ṣì tẹ̀ wọnú láàárín. Ọkùnrin yẹn nìkan ni òfin ìkòkò kò dè. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ti gbé ọbẹ̀ kaná, á yọ́ wọlé, á da díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á lá a, á ní, "Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀." Iyọ̀ kì í kù. Ìjà ló ń wá, kí obìnrin náà lè fi ìpọnbẹ̀ lé e yí tábìlì ká. Láti ìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó bá Ìyá Ahọ́n du iyọ̀ nínú ilé yẹn mọ́.

Ó tú ìyẹ̀fun oògùn náà sínú ike ńlá, ó bu omi sí i, ó mì ín. Ó bu ife àkọ́kọ́, ó fi sẹ́nu. Kò mọ̀gbà tó bú sẹ́rìn-ín ní òun nìkan.

Iyọ̀! Oògùn náà níyọ̀, adùn tí wọ́n fẹ́ fi bò ó kò délẹ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́nà ọ̀fun bí omi ọṣẹ.

"Ẹ̀san dé," ló sọ sókè. "Ta ló se èyí? Kí wọ́n mú un lọ sídìí àwo."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ó mu ife kejì láì dá a dúró, ó sì jókòó. Nǹkan kan ò ṣe é. Ó mu òmíràn, ó tún jókòó, ó ń rò pé bóyá inú òun le ju oògùn lọ. Ibi tó ti ń rò ó ni ikùn rẹ̀ ti kùn bí ọkọ̀ tó ń gun òkè. Ó dìde. Kò rántí wọ sálúbàtà. Kó tó dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ń tú ìró lọ́nà.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ má jẹ́ kí á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé àgbàlagbà obìnrin lọ, ó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀, nígbà tó yá, ó rí i pé bíbọ̀ náà ò wúlò, ó gbé ike oògùn àti ife wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó jókòó tì wọ́n. Ibẹ̀ ló wà tí fóònù fi dún. Ọmọ rẹ̀ ni.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Màámi."

"Kúùrọ̀lẹ́, ọmọ mi. Báwo lara? Ọmọ inú ńkọ́?"

"Ó ń tapá ṣáá. Dókítà ṣì ní kí n dùbúlẹ̀ ni, kí n má rin ìrìnàjò kankan. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, mo yó bámúbámú." Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni inú rẹ̀ tún kùn rìrì.

"Kí ló dún yẹn?"

"Àwọn ará òkè ni. Wọ́n ń wọ́ àga."

"Ohùn yín ń ké bí ẹni pé inú àgbá lẹ wà."

"Mo wà ní ilé ìwẹ̀. Mò ń fọ aṣọ."

"Ní ìrọ̀lẹ́ yìí? Ẹ̀yin náà! Ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹnìkan máa bá yín fọ̀ ọ́?"

"Ta ni?"

Kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni.

"Màámi, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kí ló fẹ́ wà? Ara mi le koko. Lọ sinmi, jàre."

Ó gbé fóònù sílẹ̀ lórí garawa. Ara rẹ̀ ò le koko. Òtútù ń mú un, ìdí rẹ̀ ń ta á, ife sì tún kún níwájú rẹ̀. Ó mu ún. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó ti gbọ́ òwe yẹn tó ìgbà tó ti gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó sì máa ń rò pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa á fún.

Fóònù tún dún. Nọ́ọ̀sì ló pè lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ yá gágá.

"Ìyá, ẹ kú ìfaradà o. Ṣé ẹ ti ń mu oògùn yín?"

"Mò ń mu ún. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Gbogbo yín lẹ ń sọ bẹ́ẹ̀! Tó bá ti ń jáde bí omi tó mọ́, ẹ ti ṣe é dáadáa nìyẹn. Ta ló ń bá yín bọ̀ lọ́la?"

"Ọmọ mi obìnrin," ló dáhùn. Irọ́ tó pa fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọjọ́ àyẹ̀wò fún un náà nìyẹn.

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Ìyá Ahọ́n gbé ife sẹ́nu, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Ìyá?" Ohùn nọ́ọ̀sì rọ̀. "Ṣé ẹ ní ẹni tó ń bá yín bọ̀ lóòótọ́? Ẹ má bínú sí mi o. Oògùn tó máa kun yín lóorun la fẹ́ lò, ẹ ò ní lè dá lọ sílé. Ẹni tí kò bá mú ènìyàn wá, a máa ń dá a padà ni, á sì tún di ẹ̀yìn oṣù mélòó kan kó tó rí ààyè mìíràn. Ẹ wá ẹnìkan. Màá pè yín láàárọ̀."

Ẹ̀yìn oṣù mélòó kan. Irú oṣù bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi jáwọ́ nínú ṣúgà.

Ó mú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúkọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Alálùbọ́sà. Ẹlẹ́ran. Onígáàsì. Oníwóróbo. Gbogbo wọn mọ ohùn rẹ̀, gbogbo wọn ló ń pè é ní ìyá, ìkòkò ló sì so gbogbo wọn mọ́ ọn. Ó kan orúkọ obìnrin tó ń gbé lókè rẹ̀, ó yára kọjá rẹ̀. Ìyẹn á bá a lọ, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò á ti mọ bí rọ́bà náà ṣe gùn tó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ńkọ́? Wọn ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ gidi láti ọjọ́ tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n wọn. Orúkọ tán. Ọgọ́ta ọdún ó lé, ìrẹsì tó ti sè ò lóǹkà, kò sì rí ẹni kan tó lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ fún àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó sunkún níbẹ̀, lórí àga ìgbọ̀nsẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí iléèwé.

Nígbà tó sunkún tán, ó fọ ojú. Orúkọ kan wà tó ti mọ̀ọ́mọ̀ fò.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà." Adúmáadán gbé e kíákíá. Ariwo àwo ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó jọ pé ó ń dáná.

"Kúùrọ̀lẹ́. Kú iṣẹ́ ilé. Mo ní... mo ní kí n rán ẹ létí ni, pé tí ẹ bá fẹ́ rẹ ẹ̀wà lọ́la, kí ẹ tètè rẹ ẹ́."

"Ìdí àwo ni mo wà lọ́la, mà."

Ìyá Ahọ́n fi ọwọ́ bo ojú bí ẹni pé wọ́n ń rí i.

"Mà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín," Adúmáadán ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Inú ń bí mi. Mo rí i pé nǹkan ń ṣe yín. Kì í ṣe òní, ó ti pẹ́. Ẹ kì í bá wa jẹun mọ́, ẹ̀ẹ̀kan sì ni mo bá yín tí ẹ di ògiri mú lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá ń bi yín lọ́rọ̀, ojú yín ṣe mí láàánú, mo bá gbà á sọ́rùn. Ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ máa la ẹnu. Mo wojú yín. Ẹ ò wojú mi."

"Mi ò wojú rẹ. O ò purọ́."

"Ó dùn mí."

"Ó yẹ kó dùn ẹ́." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò tọ́ ọbẹ̀ yẹn wò torí wọ́n ní kí n má jẹun. Ilé ìwòsàn ni mò ń lọ lọ́la, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹbí. Ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ mi jáde, wọ́n fẹ́ wo ìfun mi. Wọ́n ní kí n mú ènìyàn dání, mi ò sì ní ènìyàn. Adúmáadán, jọ̀ọ́. Bá mi lọ."

Ariwo àwo dáwọ́ dúró lọ́hùn-ún. Ìyá Ahọ́n gbọ́ tí ẹnìkan pa iná sítóòfù.

"Háà, mà! Ẹ dá irú èyí gbé? Kò yẹ kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara yín." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Lẹ́yìn náà ó kẹ́dùn. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá wí. Bí mo bá pa iṣẹ́ jẹ lọ́la, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, mo sì lọ́mọ nílé."

"Mo mọ̀. Màá pè é."

"Kí ẹ sọ kí ni fún un?"

"Òótọ́."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Kí ẹ̀rù tó bà á, ó tẹ nọ́ńbà ọ̀gá. Ó sọ ti iyọ̀, ó ní òun ni òun fi sí i, ọwọ́ Adúmáadán mọ́. Ó sọ ti oògùn, ti ẹ̀jẹ̀, ti rọ́bà. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ọ̀gá fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ mọ̀ pé mi ò lè jẹ́ kí ẹ sún mọ́ ìkòkò títí wọ́n á fi mọ ohun tó ń ṣe yín?"

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi sọ."

"Ta ló wá máa dáná báyìí?"

"Adúmáadán ni. Ó mọ̀ ọ́n sè. Ó ti mọ̀ ọ́n sè tipẹ́, èmi ni mi ò jẹ́ kó hàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́la. Lọ́la, èmi ló ń bá lọ."

"Kí àwọn èèyàn mi wá jẹ kí ni lọ́la?"

"Búrẹ́dì," ni Ìyá Ahọ́n wí. "Kò níyọ̀ jù."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló pa á. Ó ní kí àwọn méjèèjì máa lọ, kí Ọlọ́run bá wọn ṣe é. Ìyá Ahọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ìkòkò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ó bu ife tó kù, ó mu ún délẹ̀.

Láàárọ̀, nígbà tí nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó bá a wá, Adúmáadán ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

"Àbúrò mi ni," ni Ìyá Ahọ́n wí, kò sì sí irọ́ kankan nínú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ṣe é, kò mọ̀. Oorun gbé e lọ, nígbà tó jí, àbúrò yẹn ló kọ́kọ́ rí. Dókítà ní òun rí kókó kékeré kan nínú ìfun, òun ti gé e kúrò, wọ́n sì ti gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ó lè jẹ́ nǹkan, ó lè má jẹ́ nǹkan. Kí wọ́n padà wá gbọ́ èsì.

"A jọ máa wá ni," Adúmáadán dá dókítà lóhùn kó tó bi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n délé, ó fi Ìyá Ahọ́n jókòó sínú àga ọkọ rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀, ó wọ ilé ìdáná kékeré yẹn lọ, ó sì ń ṣí ìkòkò, ó ń pa á dé, bí ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀. Ìyá Ahọ́n ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Ó pẹ́ tí ariwo tí kì í ṣe tirẹ̀ ti dún nínú ilé náà. Ẹ̀rù èsì ṣì ń bà á, àwọn ènìyàn kan á máa jẹ ọbẹ̀ ẹlòmíràn lọ́la, kò sì mọ bí òun á ṣe máa lo àárọ̀ òun. Gbogbo ìyẹn wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ariwo ìkòkò.

Adúmáadán gbé ìpọnbẹ̀ tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀ jáde, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i.

"Ọbẹ̀ adìyẹ ni, ó ṣàn, kò ní ata. Ẹ wá tọ́ ọ wò, mà."

Ìyá Ahọ́n ti la àtẹ́lẹwọ́ kó tó rò ó. Ó tún pa á dé.

"Ìwọ ni kí o tọ́ ọ wò."

"Èmi, kẹ̀?"

"Ahọ́n rẹ ni gbogbo ilé iṣẹ́ máa gbára lé láti ọ̀la lọ. Tọ́ ọ wò, kí n rí i."

Adúmáadán wò ó dáadáa bóyá ó ń dán òun wò ni. Ó da ọbẹ̀ díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó lá a, ó di ojú, ó mi orí. Gbogbo bí Ìyá Ahọ́n ṣe máa ń ṣe é ló ṣe é pé.

"Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀, mà," ló wí.

Ìyá Ahọ́n fẹ́ bá a jà, bó ṣe máa ń bá ẹni tó ni àga yẹn jà. Ó la ẹnu, ẹkún ló kọ́kọ́ jáde, ẹ̀rín sì tẹ̀ lé e. Adúmáadán dúró, ìpọnbẹ̀ lọ́wọ́, kò mọ ohun tí òun ṣe. Ìyá Ahọ́n na ọwọ́ sí agolo iyọ̀ tó wà lórí tábìlì, ó gbé e fún un.

"Fi sí i," ó ní. "Ṣùgbọ́n rọra o."